Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́: Ọmọ Abẹ́òkúta tó fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ní ilé tirẹ̀ ní London

Ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ Áfíríkà tó bá ń wá yàrá tí yóò háyà mọ ohun tó ṣeé ṣe kó pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Yóò rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn, yóò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn. Onílé yóò ṣílẹ̀kùn, yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì sọ fún un pé ẹlòmíì ti gba yàrá náà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìkéde yàrá kan náà á ṣì wà níbi tó wà.

Ìwé tó kà kò lè gbà á sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ọba, ó lè jẹ́ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí iṣẹ́ lọ́yà, owó bàbá rẹ̀ nílé sì lè ju owó onílé náà lọ. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò.

Inú London yìí ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1922. Ìmọ̀ òfin ló bá wá. Ó kọ́ ọ, ó sì yege, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ́yà kọ́ ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Ilé ló fi ayé rẹ̀ wá: ilé tí ọmọ Áfíríkà lè wọ̀ ní London láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn. Ó rí ilé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló le.

Lónìí, gbólóhùn kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń parí ìtàn rẹ̀, pé òun ló dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Abẹ́òkúta dé Freetown

Nǹkan bíi ọdún 1886 ni wọ́n bí i. Ọládípọ̀ Felix ni orúkọ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ onígbàgbọ́ ayé ìgbà náà ṣe máa ń ní orúkọ òyìnbó mọ́ ti ilé. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ibi tí àwọn ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó ń wá ìwé gíga máa ń forí lé nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà.

Freetown kì í ṣe ìlú àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Krio ibẹ̀ ló jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, àwọn tí wọ́n já gbà lójú òkun lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Aku ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn. Ẹni tó bá gbé láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò ti rí i pé ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà sáàárín Nàìjíríà àti Sierra Leone kò dàgbà tó okùn ẹ̀jẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ṣólàńkẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London.

Kì í ṣe ọmọdé nígbà tó débẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé ogún ọdún. Kò sì lówó. Láti rí owó jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó bà á nínú jẹ́: ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó wà ní London ni kò ka èdè àti àṣà ilé wọn sí nǹkan kan. Bí wọn yóò ṣe dà bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá. Onílé tó ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn kò sì mọ ìyàtọ̀.

Orúkọ Felix náà rọra kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni ayé padà mọ̀ ọ́n sí.

Ohun tí ìwé ìròyìn kan kọ nípa Wembley

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1924, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń múra ìpàtẹ ńlá kan sílẹ̀ ní Wembley, níbi tí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn yóò ti fi ohun tí wọ́n ní han aráyé. Wọ́n kọ́ ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà bí ìlú olódi ti òkè Ọya, wọ́n sì mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti ilé. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbé níbẹ̀, àwọn òyìnbó sì ń san owó wọlé wá wò wọ́n.

Kí ìpàtẹ náà tó ṣí rárá, ìwé ìròyìn Evening News ti gbé ìròyìn kan jáde tó fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn bí ẹni tó ń jẹ ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ mú gègé rẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa tó ń jáde ní London. Ohun tó sọ níbẹ̀ kọjá pé irọ́ ni. Ó ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Nàìjíríà lára ní London gan-an. Ẹni tó bá ti fi ìyẹn ka ìwé ìròyìn rẹ̀ láàárọ̀, báwo ni yóò ṣe ṣílẹ̀kùn fún ọmọ Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́?

Lẹ́yìn èyí ni Amy Ashwood Garvey wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Jamaica ni, òun sì ni ìyàwó àkọ́kọ́ tí Marcus Garvey fẹ́, àmọ́ ìgbéyàwó wọn ti tú ká nígbà yìí. Àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ti sọ fún un pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Asante ni wọ́n ti kó ìyá ńlá rẹ̀ lẹ́rú, nítorí náà òun náà ń wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ó rí Ṣólàńkẹ́ bí ẹni tó ní iná nínú àmọ́ tí kò ní igi ìdáná. Ó ràn án lọ́wọ́, ó fi ọ̀nà bí ẹgbẹ́ ṣe ń rìn hàn án, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 1924, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ṣólàńkẹ́ fi í joyè Ìyálóde. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ilé ayé ṣe rí: obìnrin tí wọ́n kó ìyá ńlá rẹ̀ lọ sí Jamaica di Ìyálóde àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú òtútù London.

Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹfà, Ṣólàńkẹ́ ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá. Ọdún kejì tí ilé iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí afẹ́fẹ́ rédíò gbé Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tijú láti sọ èdè bàbá wọn ní gbangba wà nínú ìlú kan náà.

Àlá kan àti ẹgbẹ́ kan

Ṣólàńkẹ́ máa ń sọ pé àlá ló la òun lójú. Ó ní Ọlọ́run fi hàn òun lójú oorun pé bí àwọn ọmọ Áfíríkà kò bá ṣara wọn lọ́kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tún ìwà ara wọn ṣe, wọn kò ní yéé jìyà àwọ̀ dúdú, iṣẹ́ ẹrú ni wọn yóò sì máa ṣe nílé ayé. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi àlá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ keje, oṣù kẹjọ, ọdún 1925, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún péjọ. Ọmọwé Herbert Bankole-Bright, dókítà àti olóṣèlú láti Sierra Leone tó wà ní London lákòókò náà, ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dúró lórí Nàìjíríà nìkan. Bí West African Students' Union ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. J. B. Danquah, ọmọ Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà, ipò tó sì dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nílé, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìjẹ̀bú lè máa wo ara wọn bí ọmọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ Fante àti ọmọ Yorùbá kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Àmọ́ ìlẹ̀kùn kan náà ni wọ́n tì mọ́ gbogbo wọn lójú, òun ló sì kọ́ wọn pé ọmọ ibì kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, àjò ló ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà dùn mọ́ ọmọ Yorùbá. Tí ẹ bá kó àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀, WASU ni, ọ̀rọ̀ tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń lò nílẹ̀ Yorùbá fún ìwáàsù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1926 fi ń jẹ́ Wãsù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Accra tàbí Bathurst yóò máa ka ìwé tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láìmọ̀.

Ní 1927, Ṣólàńkẹ́ kọ ìwé kan jáde, United West Africa at the Bar of the Family of Nations. Ohun tó ń tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú, ọba àti òfin ti wà nílẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé, ó sì yẹ kí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jókòó bí ẹgbẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé. Nígbà yìí ó ti di lọ́yà. Èkó ń dúró dè é, lọ́yà kì í sì í pa ebi ní Èkó ayé ìgbà náà. Kò lọ.

Ilé Garvey, àti ìrìn àjò ọdún mẹ́ta

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò tíì ní òrùlé. Ní 1928, Marcus Garvey fúnra rẹ̀, ọkọ àtijọ́ Ìyálóde, yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní London. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ṣe rí kò dí i lọ́wọ́. Inú wọn dùn, wọ́n wọlé. Àmọ́ háyà ni Garvey náà háyà ilé ọ̀hún, nígbà tó sì di bí ọdún kan, àkókò rẹ̀ parí, wọ́n tún bọ́ síta.

Ṣólàńkẹ́ wá rí i pé owó ilé gbọ́dọ̀ ti ilé wá. Ní 1929 ó wọ ọkọ̀ padà sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kò sì padà sí London títí di 1932. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń rí àwọn ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé, ó ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ níbi tó bá ti rí àwọn tó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tó ń béèrè yé ẹnikẹ́ni tó bá ti rán ọmọ lọ sí ìdálẹ̀ rí: ọmọ yín wà lẹ́yìn òkun, kò rí ibi sùn, ẹ jẹ́ ká kọ́lé fún un. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àmọ́ oko ti àwọn ọmọ wọ̀nyí wà lọ́nà tó jìn jù láti máa bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Owó tó rí kò pọ̀ tó bó ṣe lérò. Ọrọ̀ ajé ayé ti dojú dé, kòkó àti epo pupa kò mú owó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọdún 1930 á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló rí mú bọ̀. Ní 1932 ó fẹ́ Ọpẹ́olú Ọbísànyà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jọ gbé London.

62 Camden Road

Ní 1933, WASU ṣí ilé tirẹ̀ ní 62 Camden Road ní àríwá London. Ọpẹ́olú ló ń mójú tó inú ilé náà. Nínú àwọn ìwé ìtàn, àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú nínú yàrá ìpàdé ló máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹnikẹ́ni kò dáná nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, kì í ṣe ilé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí òtútù ti gbá mú, tí kò mọ ẹnì kan ní gbogbo London, bó bá ti rí Camden Road, yóò rí ẹni tí yóò kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé.

Wọ́n ń jó níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìjíròrò níbẹ̀, àwọn àlejò láti ilé, láti Amẹ́ríkà àti láti erékùṣù Caribbean ń yà wọ́n. Paul Robeson, olórin àti òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, di ọ̀kan lára àwọn alátìlẹ́yìn ńlá wọn. Fún ọmọ ọdún ogún tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé kò sí ohun tí Áfíríkà mọ̀, kékeré kọ́ ni láti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó jókòó nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Gbèsè náà wà níbẹ̀. Owó háyà, owó èédú, owó oúnjẹ. Lẹ́tà tí Ṣólàńkẹ́ ń kọ sílé láti tọrọ owó kò lópin.

Ìjà lórí Aggrey House

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìjọba wọlé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rù méjì ló ń bà wọ́n. Àkọ́kọ́, pé ọmọ tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ lójú ní London lè padà sílé pẹ̀lú ìkórìíra Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn rẹ̀. Èkejì, pé àwọn kọ́múníìsì lè fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà wọ́n pinnu láti ní ilé tiwọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aggrey House, ní orúkọ James Aggrey, olùkọ́ ńlá ọmọ Gold Coast tó kú ní 1927. Doughty Street ló wà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 1934.

Ilé tó dára ni. Ẹni tí kò bá rí yàrá gbà ní London yóò béèrè pé kí ló burú níbẹ̀. Ìjọba ní òun fẹ́ tọ́jú yín, ẹ ní ẹ kò fẹ́?

Ìdáhùn Ṣólàńkẹ́ ni pé ẹni tó bá ni ilé ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú ilé ìjọba kò lè dìde nínú yàrá ìpàdé ibẹ̀ kó bú ìjọba. Olùtọ́jú ilé yóò mọ ẹni tó wá kí i, yóò mọ ìwé tó ń kà. WASU gbé ìwé pélébé kan jáde lọ́dún 1934 láti tú àṣírí ohun tí wọ́n pè ní ètò ìjọba láti fi ìjánu sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà lẹ́nu, wọ́n sì rọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ tẹ Aggrey House.

Ìjà náà dun àwọn ènìyàn, nítorí ó pín àwọn dúdú fúnra wọn sí méjì. Ọmọwé Harold Moody, dókítà ọmọ Jamaica tó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, tó sì ti jìyà àìríyàrá ní London fúnra rẹ̀, faramọ́ Aggrey House. Lójú rẹ̀, ilé ni ilé. Ó sì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ láìka ìpè WASU sí, àwọn tí kò lówó ìjà, tí wọ́n kàn ń wá ibi tí wọn yóò ti kàwé ìdánwò wọn ní àlàáfíà. Ta ló lè dá wọn lẹ́bi?

Ìjà náà sì wá ní àbájáde tí ẹnikẹ́ni kò retí. Bí WASU ṣe kọ̀ jálẹ̀ náà ni ìjọba rí i pé àwọn kò lè fi Aggrey House rọ́pò wọn. Ọ̀rọ̀ di ìdúnàádúrà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí owó ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ WASU, nígbà tó sì di 1938, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí ilé tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní 1 South Villas, Camden Square. Aggrey House tì ní 1940. Ti WASU ṣì dúró.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé Ṣólàńkẹ́ ti ta ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí ti fi ọdún mẹ́ta rin ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kó lè fi owó ilé kọ́lé, owó náà kò pé. Kò sì sí ohun tó fi hàn pé ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí owó ìjọba wọlé, nítorí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1939 ló gbọ́ ohùn WASU tó ròkè jù lọ. Síbẹ̀, òun náà mọ̀ pé ilé tó sọ pé kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìjọba ti ń jẹ nínú àwo ìjọba. Ó gbé pẹ̀lú ìyẹn.

Ohun tí Attlee sọ, tí Churchill sì yí padà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Roosevelt gbé ìwé àdéhùn Atlantic Charter jáde, níbi tí wọ́n ti sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tó wù wọ́n. Láàárín oṣù kan náà, Clement Attlee, tó jẹ́ igbákejì Churchill nínú ìjọba, wá bá àwọn WASU sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé àdéhùn náà kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn, dúdú àti funfun. Ẹ lè fojú inú wo bí inú wọn yóò ṣe dùn tó.

Kò pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án, Churchill dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Jámánì ni àwọn ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ Áfíríkà ń kú lójú ogun fún Gẹ̀ẹ́sì lákòókò náà.

Ní 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba: kí wọ́n fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní ìjọba abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì tẹ̀lé e láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìgbà náà kí Gold Coast tó gbòmìnira, àti ọdún méjìdínlógún kí Nàìjíríà tó gba tirẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sun akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti kọ ìwé náà.

Ilé náà kọjá ọwọ́ rẹ̀

Nígbà tí ogun ń lọ sópin, Ṣólàńkẹ́ tún padà sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti wá owó. Lẹ́yìn rẹ̀, London yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ tuntun dé, Kwame Nkrumah ti Gold Coast sì wà lára àwọn tó di aṣíwájú nínú WASU. Wọn kò ní sùúrù. Àwọn kan nínú wọn ń ka ìwé Marx, wọ́n sì ń wo bàbá tó ń kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọba àti ìjòyè, tó ń bá iléeṣẹ́ ìjọba dúnàádúrà lórí owó, bí ẹni tí àsìkò ti fi sílẹ̀.

Ní London kan náà, lọ́dún 1945, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Ogún ọdún ṣáájú, nígbà tí ìlẹ̀kùn London tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ pé ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni àwọn. Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé ọmọ Yorùbá ni àwọn, ọmọ Ìgbò ni àwọn, ọmọ Gold Coast ni àwọn. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lára ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé karí ti àkọ́kọ́ kò rí owó àti agbára tó ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950, àárín Ṣólàńkẹ́ àti ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ti dàrú. Wọ́n bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò padà sí Abẹ́òkúta, kò lọ ṣí ọ́fíìsì lọ́yà ní Èkó bí àwọn ọmọ tó gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ṣe ń lọ ṣe, tí wọ́n ń di adájọ́ àti mínísítà. Ó dúró sí London, ó sì ń bá iṣẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní tirẹ̀, òun àti Ọpẹ́olú.

Ní oṣù kẹta ọdún 1957, Ghana gbòmìnira, Nkrumah sì di olórí ìjọba rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1958, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ní London. Ó ku ọdún méjì àti oṣù kan kí wọ́n ta àsíá Nàìjíríà. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógójì láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ìlú náà pẹ̀lú èrò pé òun yóò kàwé, òun yóò sì padà sílé.

Àwọn ìwé rẹ̀ ló padà. Lẹ́tà tó kọ àti èyí tí wọ́n kọ sí i, ìwé ẹgbẹ́, ìwé owó, gbogbo rẹ̀ wà nínú ilé ìkàwé Yunifásítì ìlú Èkó ní Akọka, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti ń tú wọn yẹ̀ wò.